Kọ́lárábì àti Ohùn Tí Kì í Ṣe Tèmi

Yàrá Kejì, Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná,
Ilé Ìtọ́jú Àwọn Àgbà.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́rìn-ín,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé ìrora ẹsẹ̀ wọn ti rọlẹ̀? Àbúrò rẹ tó ń rá ńkọ́, àbí ó ti dìde rìn? Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ aránṣọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń fi imú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òtútù mú? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Má wulẹ̀ máa wá ibi tí wàá ti rẹ́rìn-ín nínú lẹ́tà yìí o. Mo mọ̀ ẹ́.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọkọ̀ àgbẹ̀ kan já páálí kan sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wa. Wọ́n kọ KOHLRABI gàdàgbà sí i lára. O mọ̀ pé ìwé tí mo kà kò pọ̀, síbẹ̀ èmi ni wọ́n ní kí n kà á. Mo là á mọ́lẹ̀: “Kọ́lárábì.” Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n màmá mi tó jẹ́ ọ̀gá ìdáná, ní, “Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?” Mo ní bóyá ọ̀kan nínú àwọn bàbá tuntun tó wà lókè ni. Bí páálí ṣe wọ kọ̀rọ̀ nìyẹn, tí a ń retí kí Bàbá Kọ́lárábì wá gba ẹrù wọn. Ìyá Jẹ́jẹ́, igbákejì àǹtí mi, tiẹ̀ ń ti yàrá bọ́ sí yàrá, wọ́n ń kúnlẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀yin ni Bàbá Kọ́lárábì?” Bàbá kan tó máa ń gbàgbé nǹkan ní àwọn ni, wọ́n sì bèèrè pé ìyàwó àwọn dà.

Ọjọ́ keje ni àgbẹ̀ náà pe fóònù, tó ní ṣé a ti jẹ ẹ̀fọ́ òun tán. Ẹ̀fọ́! A sáré ṣí páálí. Ohun tí mo rí kò jọ ẹ̀fọ́ lójú mi. Orí ni. Orí aláwọ̀ ewé, ó tóbi ju orí ọmọ tuntun lọ, kò ní ọrùn, ọ̀pá ewé sì ta jáde lára rẹ̀ káàkiri bí apá ẹni tó ń wá ohun tó máa dì mú. Àgbẹ̀ ní kì í ta sínú ilẹ̀ bí iṣu, òkè ilẹ̀ ló ń jókòó sí, tí yóò máa wú. Ó wá kìlọ̀ pé àwọn èyí ti gbó jù, iṣan ti wà lábẹ́ èèpo wọn bí okùn. Ó ní ká bó o lẹ́ẹ̀mejì, ká gé ìdí rẹ̀ jù nù, pàápàá tó bá jẹ́ ẹni tí kò léyín ló fẹ́ jẹ ẹ́. Èmi àti àǹtí mi nìkan la gbọ́ ọ.

Àǹtí mi bó ọ̀kan, wọ́n gé e pẹlẹbẹ, wọ́n fún mi jẹ ní tútù. Ó ń ró kàràkàrà lẹ́nu, ó dùn díẹ̀, bí àárín kábéèjì. Wọ́n bọ ewé rẹ̀, wọ́n se ara rẹ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ọ̀dùnkún títí ó fi rọ̀, wọ́n sì gún un pọ̀. Àwọn àgbà lá àwo.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àǹtí mi lọ sọ́jà. Wọ́n ní kí Ìyá Jẹ́jẹ́ bó ìyókù, kí wọ́n fi se oúnjẹ ọ̀sán. Orúkọ wọn ro wọ́n lóòótọ́: wọ́n ń bó o bí ẹni tó ń bọ́ aṣọ lára ọmọ tó ń sùn. Ọ̀fun mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo wọ yàrá tí a ń kó oúnjẹ pamọ́ sí, mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sín àǹtí mi jẹ, tòun ti ikọ́ tí wọ́n máa ń wú kí wọ́n tó jágbe:

“Ìyá Jẹ́jẹ́! Ṣé ìyàwó lẹ̀ ń ṣe lóge níbẹ̀ ni? Ara èèpo yẹn gan-an ni agbára wà! Ẹ gé e tèèpo-tèèpo, ẹ dà á síná!”

Wọn ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn, wọ́n rò pé àǹtí mi ti tọjà dé. “Ó ti yé mi, ọ̀gá.”

Mo ki ẹnu bọ àpò ìrẹsì, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ jáde kí n ní eré ni, bí mo ṣe máa ń ṣe. Àfi bí nọ́ọ̀sì ṣe pè mí pé kí n wá ti kẹ̀kẹ́ ìyá kan lọ sínú oòrùn. Ìyá yẹn ń pìtàn, ìtàn wọn dùn. Ẹlẹ́rìn-ín, mo gbàgbé pátápátá.

Bàbá Tísà, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ilé yìí, ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà. Eyín kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu wọn. Nígbà tí a gbé oúnjẹ ọ̀sán yẹn kalẹ̀, ṣíbí kẹta ni wọ́n gbé mì tí wọ́n fi dáwọ́ dúró. Wọn ò húkọ́. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, pé wọn ò húkọ́. Wọ́n kàn ń wò wá, ojú wọn ń tóbi sí i, ọwọ́ wọn ń fa aṣọ tábìlì díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbá wọn lẹ́yìn, èèpo díẹ̀ bọ́, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kò bọ́. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ló gbé wọn lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, Ọ̀gá Àgbà ilé yìí pe àwọn obìnrin méjèèjì sí ọ́fíìsì. Mo ń gbọ́ wọn láti ìta.

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n má bó o! Etí mi kọ́ ni mo fi gbọ́ ni?”

“Èmi tí mo wà lọ́jà! Ta ló wá bá yín sọ̀rọ̀, ògiri?”

Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti jọ ń dáná o. Ọ̀gá Àgbà ní ọ̀kan nínú wọn ń purọ́, onítọ̀hún yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo wọlé, mo ní èmi ni. Ọ̀gá Àgbà ní mo fẹ́ fi ara mi gba àǹtí mi sílẹ̀. Ìyá Jẹ́jẹ́ pàápàá ní, “Ọmọ yìí, bọ́ síta, ọ̀rọ̀ àgbà lèyí.” Ohùn ara mi ni mo fi ń sọ̀rọ̀, kò wọ ẹnikẹ́ni létí. Mo bá kọjú sí ògiri. Mo wú ikọ́ yẹn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo yíjú padà, àǹtí mi ti fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀fun wọn mú, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó wà níbẹ̀ ṣì wà.

Àwọn méjèèjì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n má fẹsẹ̀ tẹ ilé ìdáná mọ́. Ṣùgbọ́n àǹtí mi kì í sọ̀rọ̀ níbi tí mo bá wà mọ́. Tí mo bá wọ yàrá wa, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á fi ọwọ́ júwe oúnjẹ fún mi. Mo kí wọn lánàá, wọ́n mi orí. Lẹ́yìn ògiri, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń bá Ìyá Jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ fún olè.

Dókítà ní òun yóò pè lónìí nípa Bàbá Tísà. Bá mi kí màmá rẹ, sì gbé àbúrò rẹ jó fún mi. Tí o bá máa fèsì, jọ̀ọ́, má ṣe ní kí n sín ẹnikẹ́ni jẹ fún ọ mọ́.

Fóònù ti ń dún. Àǹtí mi nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà pé kí n jáde. Orí orúnkún mi ni mo ti ń kọ èyí, níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n ti gbé fóònù sétí. Wọ́n ń gbọ́ ohun tí dókítà ń sọ. Wọ́n ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n wojú mi láti inú gíláàsì, wọ́n nawọ́, wọ́n fa kọ́tìnnì.

Tìrẹ ṣì ni mí, bí o bá ṣì fẹ́ mi,
Ayékòótọ́.