Àwọn Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Padà Wá

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Karùn-ún 2025

Ọjà tòkunbọ̀ lẹ́bàá rélùwéè, Agége. Mo débẹ̀ kí wọ́n tó tú ẹrù tán. Mo ra ẹ́ńjìnnì ìgégi méjì lọ́wọ́ Shuaib — ọ̀kan aláwọ̀ ọsàn, ọ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti bó. Méjèèjì ti kú. Òkú la máa ń rà, Sípánà ló ń jí wọn, àwa la ń tà wọ́n fáwọn agégi. Mo fa okùn wọn wò, ó le lọ́wọ́ dáadáa, àmì pé inú wọn ṣì pé. Mo tú sàléńsà tí èéfín ń gbà jáde lára ọ̀kan níbẹ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo písítìn láti ojú ihò. Ó ń dán, kò ha. Shuaib ń rẹ́rìn-ín: ìgbà wo ni màá tó gba òun gbọ́? Mo ní òun ni mo gbà gbọ́, mi ò gba Òyìnbó tó lò ó gbọ́.

Sípánà ni ọkọ mi, Olúgbénró. Lẹ́nu, "ẹ" ni mo ń pè é látọjọ́ tó ti fẹ́ mi. Inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ "ó". Kò sẹ́ni tó máa kà á.

Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Karùn-ún

Aláwọ̀ ọsàn ti jí. Kabúrétọ̀ rẹ̀ ló dọ̀tí lásán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Karùn-ún

Mo sọ fún Sípánà pé òrùlé ń jò. Ó ní "ẹn-ẹn." Mo ní ta la máa pè? Ó ní "ẹn-ẹn." Ó tó ọdún kan tó ti ń ṣe mí báyìí, bí ẹni pé mi ò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń dá lóhùn. Bí Fọláyọ̀ bá wá láti Allen lẹ́yìn iṣẹ́, tó jókòó síwájú bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa lọ, ẹ̀rín á máa lọ. Ọmọ ló mọ̀. Kò mọ ìyá ọmọ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Karùn-ún

Ẹ́ńjìnnì tá a tà fáwọn oníplánkì lóṣù tó kọjá padà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti gan, inú rẹ̀ ò yí mọ́. Sípánà tú u: písítìn ti ha yánnayànna. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń po epo, torí ẹ́ńjìnnì yìí kì í mu bẹntiróòlù lásán, a gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì mọ́ ọn. Wọ́n búra pé àwọn ń pò ó. Kò sẹ́ni tí kì í búra. A tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Karùn-ún

Òmíràn, láti Akọ̀wọ́njọ. Òun náà gan. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì epo wọn wá kí n fojú ara mi rí i. Wọ́n pò ó lóòótọ́. Kí ló wá ń pa wọ́n? Àtèyí àti ti ọjọ́sí, ọwọ́ Shuaib ni mo ti rà wọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Oṣù Karùn-ún

Ìkẹta. Ti Shuaib náà ni.

Mi ò jẹun ọ̀sán. Mo ní àbí Shuaib ń fi bébà oníyanrìn ra ojú písítìn tó ti ha, kó lè máa dán tí n bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i? Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo gbé e síwájú Sípánà, torí ẹ́ńjìnnì ń ké lọ́wọ́. Ó wò ó pẹ́. Ó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Karùn-ún

Mo lọ bá Shuaib. Mi ò pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo dúró sáàárín ọjà, níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo ní olè ni, òkú tó kùn lójú ló ń tà fún mi. Ó kọ́kọ́ rò pé eré ni mò ń ṣe. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe eré, ó rọra sọ ọ́, kò pariwo: "Ìyá Fọláyọ̀, ẹ bà mí lórúkọ jẹ́ o. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọkọ yín. Ṣé ọmọ ìlú mi ni màá wá máa rẹ́ jẹ?"

Àwọn méjì tó ń nájà lọ́wọ́ rẹ̀ gbé ohun tí wọ́n mú kalẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Mo rí i. Inú mi dùn sí i. Bó ṣe rí nìyẹn, mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Karùn-ún

Mo ra ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ní ìlà kejì. Mo gba ẹ̀yìn kọjá kí Shuaib má baà rí mi. Èmi tí mo ní mo jàre.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹfà

Iléyá. Ọdọọdún ni ẹran Shuaib máa ń wá, tòun ti ìrẹsì. Lónìí kò wá. Sípánà ń yọjú sí géètì ṣáá, ó ń bi mí bóyá ẹnì kankan kanlẹ̀kùn. Mo ní rárá. Ó tún bi mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹfà

Màá gbìyànjú láti kọ ọ́ tẹ̀léra.

Dàwódù wá gba ẹ́ńjìnnì tó rà lọ́wọ́ wa — èyí tí mo rà ní ìlà kejì, kì í ṣe ti Shuaib. Igi ló ń gé kiri Ìfàkọ̀-Ìjàyè, igi tó bá fẹ́ wó lu ilé, igi tí lánlọ́ọ̀dù ò fẹ́ mọ́. Sípánà tẹ̀ ba sórí ẹ́ńjìnnì, ó ń yí ìdè kékeré ara kabúrétọ̀, èyí tó ń bu epo kún un tàbí tó ń dín in kù. Dàwódù dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Baba, ó ti pọ̀ jù, ẹ dá a padà díẹ̀." Sípánà ò wẹ̀yìn. Dàwódù tún sọ ọ́, ó pariwo. Sípánà ń yí i lọ.

Dàwódù wá kọjú sí mi. "Ìyá, ẹ gbọ́ ohùn yẹn? Ó tín-ín-rín bí ẹ̀fọn. Epo ò tó o ni. Bó bá gbóná báyìí, gígan ló máa gan."

Mo gbọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, mi ò fetí sí i rí. Iṣẹ́ tèmi kì í ṣe gbígbọ́, rírà ni.

Sípánà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó ní ó ti bọ́ sí i. Dàwódù lọ síwájú rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó bu epo kún un. Ó ní kí wọ́n tó bí Dàwódù lòun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Dàwódù gbé e lọ, torí iṣẹ́ ń dúró dè é.

Ṣọ́ọ̀bù wá pa rọ́rọ́. Sípánà kọ̀yìn sí mi, ó ń fi àkísà nuwọ́. Mo pè é: "Àjàní." Oríkì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń fi pè é, èmi náà máa ń fi pè é bí ara bá yá mi. Kì í gbọ́ ọ kó má dáhùn. Mo tún pè é, mo gbóhùn sókè. Ó ń nuwọ́ lọ.

Mo jókòó. Gbogbo "ẹn-ẹn" ọdún kan. Kò fojú di mí. Kò gbọ́ mi ni. Mo ti bá a bínú sùn, mo ti bá a bínú jí, mo ti rò pé ó lẹ́lòmíràn níta.

Shuaib ńkọ́? Olúwa o.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹfà

Mo jókòó sí ọ̀kánkán rẹ̀, mo sọ fún un. Pé kì í ṣe Shuaib, kì í ṣe oníbàárà. Pé ẹ́ńjìnnì ń ké fún un pé epo ò tó òun, kò sì gbọ́. Ó ní ṣé mo fẹ́ sọ òun di adití láàárín ẹgbẹ́ ni. Ó ní kò sóhun tó ṣe etí òun. Ó dìde, ó jáde.

Mo pe Dàwódù pé kó má lo ẹ́ńjìnnì yẹn, kó gbé e padà wá. Ó ní ó ku igi kan ṣoṣo, lánlọ́ọ̀dù ò jẹ́ kóun gbádùn. Bóun bá gé e tán lọ́la, òun á gbé e wá.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹfà

Ó gan mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí igi.

Ẹ̀ka ńlá ni. Ó ti gé e dé àárín, ẹ́ńjìnnì kú, atẹ́gùn òjò sì dé. Ẹ̀ka náà fà ya fúnra rẹ̀, ó gbá Dàwódù léjìká, ó wó sórí táńkì omi aládùúgbò, ó fọ́ ọ. Okùn tó so mọ́ ìbàdí ni kò jẹ́ kó já bọ́. Kò kú. Mo tún un kọ: kò kú.

Àwa méjèèjì lọ kí i. Wọ́n ti fi aṣọ so apá rẹ̀ mọ́ àyà. Ó ní, "Ẹ má da ara yín láàmú, Baba. Ẹ́ńjìnnì máa ń gan." Ìyàwó rẹ̀, Ameenat, gbé omi wá fún wa. Ọkọ mi gba omi náà, kò mu ún, kò sì gbé e kalẹ̀.

Nínú kẹ̀kẹ́ ló ti la ẹnu: "Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ lọ́jọ́ yẹn. Mo wulẹ̀ rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì ni, nígbà tó wá síwájú mi. Mo dáhùn èyí tí mo rò pé ó sọ."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ ọ̀hún ń run bẹntiróòlù.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹfà

Ó gbà láti lọ sọ́sibítù. Èmi kọ́ ni mo bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹfà

Ọsibítù, Ìkẹjà. Wọ́n mú un wọ yàrá kékeré kan, wọ́n fi nǹkan bò ó létí méjèèjì, wọ́n ní nígbàkígbà tó bá gbọ́ ohùn, kó nawọ́ sókè. Mo ń wò ó látojú gíláàsì. Ó jókòó ṣinṣin bí ọmọ iléèwé. Obìnrin tó ń ṣe é ń tẹ nǹkan, ó ń tẹ nǹkan. Ọwọ́ ọkọ mi wà lórí itan rẹ̀.

Dókítà ní ariwo ẹ́ńjìnnì ló bà á jẹ́, ọdún pípẹ́, kò sóhun tó ń dáàbò bo etí. Ohùn tín-ín-rín ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Èyí tó ti lọ ò ní padà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ etí máa ràn án lọ́wọ́ láti gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jókòó ti ẹ́ńjìnnì tó ń ké mọ́ láìbo etí. Ó ń wo ẹnu dókítà. Ó ní kí wọ́n ṣàánú kọ ọ́ sílẹ̀ fóun.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹfà

Ó gbé ẹ́ńjìnnì Dàwódù tó ti tún ṣe síwájú mi. Ó ní kí n mú nǹkan ìyídè. Mo ní èmi kẹ̀? Ó ní ta ló tún kù.

Ó ń kọ́ mi ní ohùn tí òun alára ò gbọ́ mọ́. Ó ní bí epo bá tó o, ohùn rẹ̀ á wúwo díẹ̀, bíi tẹni tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ há sí lọ́fun. Bó o bá wá fi kan igi, ọ̀fun á là. Bí kò bá ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rárá, tó ń dún gooro, sá fún un. Mo yí i. Mo yí i jù, ó kú. Mo tún un yí. Ó fi nǹkan bo etí, ojú mi ló ń wò láti mọ ibi tí mo dé. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá dún. Ó rí i lójú mi kí n tó sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kẹfà

Lọ́la, màá lọ bá Shuaib. Èmi nìkan. Mo ti ro ohun tí màá sọ: pé àwọn oníbàárà ni ò po epo wọn dáadáa, pé ìbínú ló gùn mí. Mi ò ní dárúkọ etí ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún Sípánà bẹ́ẹ̀. Ó ní "ẹn-ẹn." Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kẹfà

Ó gbọ́. Kí n tó wẹ̀ tán, ó ti wọṣọ, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Shuaib lójú ọjà, ibi tí mo ti bú u gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀: "Shuaib, ọ̀rọ̀ epo ni —" Ọkọ mi gbọ́wọ́ lé mi léjìká. Ó ní, "Shuaib, ẹ́ńjìnnì rẹ ò ní àbùkù kankan. Etí mi ló lọ. Èmi ni mò ń yí wọn títí wọ́n á fi gan. Olè tí wọ́n pè ọ́, o kì í ṣe olè."

Kò mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe ga tó. Ó ń lọ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta fíríìjì. Ẹni tó ń nájà dákẹ́, ẹni tó ń rẹrù dúró.

Shuaib wò ó títí. Ó wá bi í ní nǹkan kan, jẹ́jẹ́. Ọkọ mi yíjú sí mi. Èmi ni mo ní láti tún un sọ fún un, lórí ìkúnlẹ̀: "Ó ní ó ti tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti mọ̀."

"Ó ti pẹ́," ló wí. Èmi ló ń wò, kì í ṣe Shuaib. "Ó ti pẹ́ tí mo ti fura. Ẹ̀rù ló bà mí."

Ìyẹn ni pé nígbà tí mo kọ ọ́ sórí bébà, tó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ — ó ti ń fura. Ìyẹn, a óò sọ ọ́ nílé.

Shuaib fà mí dìde. Ó ní ilẹ̀ yẹn kún fún ọ́ìlì, màá ba ìró mi jẹ́. Kò sọ pé òun ti dárí jì wá. Kò sì sọ pé òun ò dárí jì wá. Ó gbé àga kan fún ọkọ mi, ó jókòó tì í, ó kí i. Ọkọ mi ò gbọ́, ojú rélùwéè ló ń wò. Shuaib dìde, ó gbé àga rẹ̀ yí ká sí iwájú, ojú kojú, ó sì tún un sọ, ó ń la ẹnu dáadáa:

"Bọ̀dá Gbénró, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."