Ìgò Mẹ́rìnlélógún Tí Mo Ṣí

                                        Ojúlé 13,
                                        Àdúgbò Ìsàlẹ̀ Ọba,
                                        Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2025.

Àtọ́kẹ́ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n sọ ọ́ kúrò lọ́kàn: mo ti fi ọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́, ẹ̀rù sì ń bà mí pé mo ti pàdánù ọmọ náà mọ́ iṣẹ́ yẹn. Ó ti lé ní oṣù kan tí Ìbùkúnọlá ò ti gbé ìpè mi mọ́. Mi ò lè rò ó fún ọ lórí fóònù, torí ẹkún ni n ó kàn máa sun sí ọ létí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti jọ ń wọ yúnífọ́ọ̀mù, báwo ni ara? Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń dà ọ́ láàmú ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Kúnmi àti ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ọmọ-ọmọ tí o torí rẹ̀ lọ jókòó sí Ìlọrin ti ń rìn? Tiwa níbí, Alihamudulilahi. A wà nínú ààwẹ̀, ooru Ìwó ọdún yìí sì le débi pé aago mẹ́wàá kì í tíì lù tí ẹnu á ti gbẹ. Mo ṣì ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé, bí ojú bá ṣe ríran mọ.

O rántí ẹsẹ̀ bàbá àwọn ọmọ. Láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti gbé e ṣubú lójú ọ̀nà Kuta, egungun yẹn kò so mọ́ra mọ́. Ó fọ́ yángá débi pé ibì kan ṣófo nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí a rí dí i. Ọ̀pá ló fi rìn títí tó fi kú. Ìbùkúnọlá ló ń bá a fọ ojú ọgbẹ́ náà láràárọ̀ kó tó lọ ilé ìwé. Ohun tó gbé e dé ìdí ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ní yunifásítì nìyẹn. Ó fẹ́ ṣe egungun tí wọ́n lè fi dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ lára ènìyàn.

Egungun màlúù ló fi ń ṣe é. Á gbà á lọ́wọ́ àwọn alápatà, á sè é, á sun ún títí á fi funfun, á lọ̀ ọ́, á pò ó mọ́ nǹkan mìíràn, á wá gé e bíi ṣúgà onígun. Bí o bá wò ó dáadáa, ihò ló kún inú rẹ̀ bí inú búrẹ́dì. Ó ní inú ihò wọ̀nyẹn ni egungun ènìyàn fúnra rẹ̀ á máa hù gbà. Ó tún po omi kan tó ṣàn bí omidùn ògì, ó fi rẹ ẹ́. Omi yẹn ló gbé oògùn dání, òun náà ni kì í jẹ́ kí àwọn ihò tínńtín padé. Ìgò kéékèèké mẹ́rìnlélógún ló kó wọn sí, ó dé wọn pa. Wọ́n gbọ́dọ̀ wà bẹ́ẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ kó tó gbé wọn sórí ìwọ̀n.

Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì wọn daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti yàrá ìwádìí pa. Ló bá fi kúlà kó ìgò rẹ̀ wá sílé, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù nínú ìyẹ̀wù mi, ó ní kò sí ibi tó tutù tó ibẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó ń ṣàlàyé. Ó ní omi tí òun pò yẹn, bí kò tilẹ̀ hó, ó máa ń di oru díẹ̀díẹ̀. Bí ìgò bá wà ní dídé, oru náà á kún òkè ìgò, á máa ti omi padà, títí èyí tó ń lọ sókè àti èyí tó ń padà sísàlẹ̀ á fi dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ bá gbóná, oru á pọ̀ sí i, á sì máa ti nǹkan gidi gan-an.

Mo ní, "Bíi ti ìkòkò iṣu tó ń ti ọmọrí rẹ̀ sókè?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màámi, ẹ ò ṣe wá bá mi kọ ìwé yìí?"

Àtọ́kẹ́, inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ó ti yé mi.

Nígbà tí oṣù Èrèlé wọlé, Dókítà Ògúnmọ́lá tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀ ní kó wá. Ó lọ, ó fi ìgò sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ wọlé sórí fóònù mi. Bó ṣe kọ ọ́ gan-an nìyí, láìsí àmì kan lórí rẹ̀: "Maami e ma si awon igo yen o, nitori ooru."

Ohun tí mo kà ni pé ẹ máa ṣí àwọn ìgò yẹn o, nítorí ooru. Ó sì bá mi lára mu. Ooru ń jó wa, mo sì ti rí i tí inú ìgò ń làágùn. Oru tó ní ó máa ń ti nǹkan yẹn, ṣé kò ní fọ́ ìgò ni? Ìkòkò tó bá ń hó, ṣebí a máa ń sún ọmọrí rẹ̀. Aṣọ inú àpótí, ṣebí a máa ń ṣí i kí atẹ́gùn fẹ́ sí i kó má bàa bu. Mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá ti kírun àárọ̀ tán, mo ń ṣí mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún, mo ń dé wọn padà nírọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, mo kúkú gbé wọn sójú fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè kàn wọ́n. Òórùn kan ń jáde níbẹ̀ bíi ti sípíríìtì tí wọ́n fi ń nu ojú abẹ́rẹ́. Mo ní ooru ló ń jáde yẹn. Ọjọ́ méjìlá ni mo fi ṣe é.

Ọjọ́ tó dé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi rí i.

"Màámi, ta ló gbé ìgò mi sójú fèrèsé?"

"Èmi ni. Mo sì ń ṣí i bí o ṣe ní kí n máa ṣí i. Mi ò pa ọjọ́ kan jẹ."

"Bí èmi ṣe ní kí ẹ máa ṣí i?"

Mo na fóònù sí i. Ó kà á, ó tún un kà. Oyèdàmọ́lá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ní Òṣogbo, wà nílé lọ́jọ́ náà. Òun náà yọjú wò ó, ló bá ká ọwọ́ lérí: "Yéè! Ẹ má ṣí i ló kọ! Màámi, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀yin lẹ ṣe ipò kejì nínú Yorùbá ní kíláàsì yín!" Mo ní kó panu mọ́.

Ìbùkúnọlá mú ọ̀kan jáde nínú ìgò, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Ó rún sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹfun. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún mi, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí ìgò ni oru ń lọ, tí omi inú ihò ń di oru mìíràn láti rọ́pò èyí tó lọ, tí ooru ojú fèrèsé tún ń lé e. Ihò ńlá ló kọ́kọ́ gbẹ. Bí omi sì ṣe ń fà kúrò nínú àwọn tínńtín, ó ń fa ògiri wọn mọ́ra wọn, ni wọ́n bá sán, bí ẹrẹ̀ àkùrọ̀ ṣe ń sán lẹ́ẹ̀rùn. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún péré ló kù kó pé àádọ́rùn-ún.

Kò bú mi. Ì bá bú mi ì bá dáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó kúnlẹ̀ dágbére fún mi bó ṣe máa ń ṣe, ó gbé kúlà rẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí gáréèjì. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ọdún yìí ló yẹ kó parí. Ní báyìí, Dókítà ní kó bẹ̀rẹ̀ láti orí egungun tútù, ó di ọdún mìíràn. Oyèdàmọ́lá lọ wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ó ti rù, pé ó ń dá fọ egungun, ó ń dá sun ún, àti pé nígbà tí òun dárúkọ mi, ṣe ló tún gbájú mọ́ egungun tó ń fọ̀. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ rọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi í sílẹ̀? Ọmọ tó fọ ọgbẹ́ bàbá rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, tó ní òun ò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣe ẹlòmíràn, èmi ìyá rẹ̀ ni mo tú u dànù ní ojú fèrèsé.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ara mi ò gbà á mọ́, mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i pé ṣé kí n wá. Mo ní n ó bá a fọ egungun, mi ò ní fọwọ́ kan ìgò. Ọjọ́ Àìkú ló tó fèsì: "E ma wa maami."

Àtọ́kẹ́, mi ò mọ èyí tí mo lè kà á sí. Mo ti ka "ẹ máa wá," mo fò sókè, mo di àpò. Mo tún ka "ẹ má wá," mo jókòó sórí àpò náà. Mo pè é, kò gbé e. Mi ò sì lè tún bi í pé èwo nínú méjèèjì, torí bó bá jẹ́ pé kí n máa bọ̀ ló ní, n ó tún ti fi hàn án pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò yé mi. Bí mo bá sì lọ, tó jẹ́ pé kò fẹ́ rí mi, ojú wo ni n ó fi wò ó?

Bá mi kí Kúnmi àti ìyàwó rẹ̀, kí o gbé ọmọ-ọmọ wa mọ́ra fún mi. Oyèdàmọ́lá ní kí n kí ọ.

Ìwọ lo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá, o sì mọ Ìbùkúnọlá láti kékeré. Bá mi kà á. Dírẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá ń padà sí Ìwó ní Ọjọ́bọ̀. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó padà lọ́wọ́ òfo. Bó bá sì jẹ́ pé kí n má wá lo rí kà níbẹ̀, má fi pamọ́ fún mi. Ó sàn kí n rí i nínú ìwé tìrẹ ju kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lọ. Tètè kọ̀wé sí mi.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ń retí,

Nimotallahi