Ẹbùn Ti Bọ́ Okùn Ọrùn Rẹ̀

Bàbá mi àtàtà,

Níbi tí ẹ wà yẹn, ẹ kọ́kọ́ jókòó. Bí ẹ bá ti jókòó tẹ́lẹ̀, ẹ fẹ̀yìn ti nǹkan. Ẹnu mi kò tíì padé láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe eyín ló dí i, nítorí èyí tó kù níbẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹbùn, ọmọ mi obìnrin, èyí tí ẹ máa ń gbé sínú ọkọ̀ ojú omi tí ẹ kò tíì kàn tán kí ó má baà rìn bọ́ sómi, ti kọ̀wé fi iṣẹ́ ilé iṣẹ́ epo sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé e. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Òun fúnra rẹ̀ ló wọlé lọ́sàn-án gangan, ó gbé páálí kan dání, ife tíì rẹ̀ àti bàtà onírin tó fi ń ṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Ta ló kú ní ọ́fíìsì yín?" Ó ní, "Nobody die, Papa. I don resign."

Bàbá, mo fẹ́ jókòó, mo rò pé àga wà lẹ́yìn mi. Kò sí àga níbẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ti wá gbé mi.

Ṣé ẹ rántí àdúrà yín? Ní gbogbo ìdájí, kí ẹ tó bọ́jú, ẹ máa ń kọjú sí ògiri, ẹ ó ní kí Ọlọ́run fi ọ̀kan péré nínú irú-ọmọ yín síbi tí wọ́n ti ń gba owó oṣù. Ọ̀kan péré. Èmi á máa díbọ́n bí ẹni tó ń sùn. Ẹ rántí akọ̀wé tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, tí bàtà rẹ̀ máa ń dún kò-kò-kò nírọ̀lẹ́? Ọmọdé ni lójú yín, síbẹ̀ ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ kí i. Ìṣó á wà lẹ́nu yín, ẹ ó sì tu gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́ kí ìkíni náà lè já gaara. Mi ò rí i kí ẹ tu ìṣó sọ́wọ́ nítorí ẹlòmíràn rí, títí kan pásítọ̀.

Nígbà tí Ẹbùn ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ epo, ẹ ti lọ. Mo wá sí ibojì yín, mo sọ ọ́ sókè ketekete. Ṣé ẹ gbọ́?

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa yẹ àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó òṣìṣẹ́ wọ inú omi wò, bóyá wọ́n dára. Wọ́n fi káàdì kọ́ ọ lọ́rùn, okùn rẹ̀ aláwọ̀ búlúù. Ẹ sì mọ ẹnu mi. Láràárọ̀ tí bọ́ọ̀sì wọn bá wá gbé e ní ìkóríta wa ní Ekurede, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá ké bí ewúrẹ́: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀! Wọ́n ti wá fà ọ́ o!" Àwọn ará àdúgbò á máa rẹ́rìn-ín. Òun náà á yọrí lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì: "Papa, na this rope dey buy your malt o!" Ẹ̀rín á tún sọ. Báyìí la ṣe ń ṣeré fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ta ló mọ̀ pé ó máa bọ́ okùn náà lóòótọ́?

Èmi tí mi ò ní ọ̀gá rí láyé mi, tó jẹ́ pé bí mo bá fẹ́ ta ayò lọ́sàn-án, màá ju òòlù sílẹ̀ màá lọ ta á, èmi ni mo wá di oníwàásù owó oṣù. Mo ní kí ó padà lọ bẹ̀ wọ́n. Mo ní bí òjò rọ̀, bí òjò kò rọ̀, tí oṣù bá ti parí, fóònù rẹ̀ á dún. Mo ní ilé ìwòsàn wọn ni wọ́n ti ṣe ojú mi, ojú tí mo fi ń wò ó nì yìí. Mo rán an létí ọdún tí òjò bẹ̀rẹ̀ tó sì parí láìsí ẹnì kan tó ní kí n bá òun kan ọkọ̀, tí gàrí inú abọ́ wa ń lúwẹ̀ẹ́ nítorí omi pọ̀ jù ú lọ. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Papa, every day I dey check boat wey another person build. I wan build my own."

Mo bi í bóyá igbe ewúrẹ́ mi ló fà á. Ó wò mí tàánútàánú. "Papa, rest. Your mouth no get that kind power."

Ìyẹn gan-an dùn mí díẹ̀.

Ó ní kí n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ àgọ́ tí ẹ ti ń kan ọkọ̀ létí omi, èyí tí mo tì pa láti ìgbà tí ọwọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ní ó ti sọnù. Abẹ́ fìlà mi ló wà. Kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ nínú òjò, mo bá a níta lábẹ́ etí òrùlé àgọ́ náà, ó fi ọ̀rá borí, ó ń po nǹkan kan nínú kẹ́ẹ̀gì tó gé lẹ́nu. Mo ṣí fìlà, mo mú kọ́kọ́rọ́, mo ṣílẹ̀kùn. Mo ní eku ni mo wá wò. Ó kàn ń wo fìlà mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ má bínú o, ọkọ̀ náà kì í ṣe pákó. Fáíbà ni wọ́n ń pè é, ó dà bí aṣọ tí wọ́n rì sínú gọ́ọ̀mù títí tó fi gan. Mo ní, "Báàfù ìwẹ̀ ọmọ ọwọ́ lo ń ṣe yìí." Nígbà tí kò sí nítòsí, mo fi ìka kan ara rẹ̀ bí ẹ ti máa ń ṣe, mo gbé etí lé e. Ohùn rẹ̀ kò jọ ti igi. Ṣùgbọ́n kò burú. Mi ò sọ fún un.

Nígbà tó parí rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń kó èrò lọ sí àwọn abúlé etí omi ní òun fẹ́ wò ó. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò rà á, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà yóò sì wá. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, gbogbo owó tí Ẹbùn gbà kúrò ní ọ́fíìsì ti parí sínú báàfù yẹn. Gbogbo èèyàn etí omi péjọ. Mo rò pé ó kàn máa ti ọkọ̀ náà sómi lásán, bí wọ́n ti ń ṣe láyé ìsinsìnyí. Àfi bí ọmọ tó ti ń fi Píjìn dá mi lóhùn láti kékeré ṣe la ẹnu sọ Yorùbá: "Bàbá, ẹ bọ́ sí ìdí ọkọ̀. Ará ilé ẹni tó kàn án ló ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́."

Bàbá, irun orí mi dìde. Ohun tí ẹ máa ń ṣe nìyẹn! Kí oníbàárà tó fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ tuntun, ẹ ó kó gbogbo wa sínú rẹ̀, ẹ̀yin á jókòó sí ìdí rẹ̀, wọ́n á tì wá sáàárín omi, oníbàárà á dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ, á máa wò wá. Bí yóò bá rì, àwa ni yóò kọ́kọ́ rì. Lẹ́yìn yín, mi ò ṣe é mọ́, àwọn oníbàárà ń kánjú. Orí itan yín ni Ẹbùn wà nígbà tó rí i kẹ́yìn. Ṣé ọmọ kékeré náà ń rántí nǹkan báyẹn ni?

Mo bọ́ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mi, èmi àti Ẹbùn wọ inú ọkọ̀. Wọ́n tì wá. Ọkọ̀ náà léfòó bíi pẹ́pẹ́yẹ. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́, ni omi tútù bá kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi.

Mo wolẹ̀. Ihò kan wà ní ìdí ọkọ̀, ó rí roboto, omi ń wọlé bí ẹni pé wọ́n pè é. Irú ọkọ̀ yìí máa ń ní ihò bẹ́ẹ̀, kí omi òjò lè ṣàn jáde nígbà tó bá wà lórí ilẹ̀. Ìdérí kan wà tí wọ́n fi ń dí i kí wọ́n tó tì í sómi. Ẹbùn gbàgbé rẹ̀! Ọmọ tó jẹ́ pé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ń yẹ̀ wò láti ọ̀pọ̀ ọdún wá! Ayọ̀ ti gbé e lọ́kàn lọ.

Ẹ wo èmi, ẹnu tó tóbi jù ní gbogbo Ekurede. Lọ́jọ́ mìíràn, màá ti pariwo rẹ̀ dé ìlú Jeddo. Oníbàárà dúró lókè, ó káwọ́ gbera, ó ń wò wá. Mo ti ìka ńlá ẹsẹ̀ mi bọ inú ihò náà. Ó bá a mu rẹ́gí. Mo gbójú sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìyìn, mo ń juwọ́ sí wọn. Inú mi lọ́hùn-ún, ẹja ni mo ń rò. Mo ń ro irú ẹja tó wà nínú omi yẹn, àti ohun tó máa rò pé òun rí.

Wọ́n kígbe látòkè: "Papa, how the boat?"

Mo ní, "E sweet pass my bed!"

Oníbàárà rẹ́rìn-ín, ó mirí. Ìgbà náà ni Ẹbùn ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ìdérí ihò ló bá níbẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi. Ọmọ mi kò wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń tún ìjókòó mi ṣe, mo yọ ìka, ó dí ihò náà, ó yí i le. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.

Ọkùnrin náà ra ọkọ̀. Méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti dé.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Lánàá, Ẹbùn pè mí sínú àgọ́ yín. Ó ní iṣẹ́ ti ju agbára òun nìkan lọ, òun fẹ́ gba ẹnì kan tí yóò máa fetí sí ara ọkọ̀, tí yóò sì máa jókòó sí ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá ń tì í sómi. Mo ní kí Ọlọ́run fún un ní ẹni rere. Ó ní òun ti rí i, àmọ́ kì í ṣe ẹni rere. Ó fa káàdì kan yọ. Àwòrán mi ló wà lára rẹ̀, mo lanu gbàgà. Okùn búlúù tirẹ̀ àtijọ́ ló so ó mọ́. Ó fi kọ́ mi lọ́rùn. "Eight o'clock, Papa. No late. Month end, I go pay you." Ó wá ké sí mi létí: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Bàbá, ọ̀kan péré nínú irú-ọmọ yín. Ṣé èmi lẹ ń wí láti ìgbà yẹn? Ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò sùn?

Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ síbí, kí n má baà pẹ́ lọ́la. Bí mo bá ń kọjá lọ láàárọ̀ pẹ̀lú okùn lọ́rùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tu ìṣó ẹnu yín sọ́wọ́, kí ẹ kí mi.

Èmi ọmọ yín tí àárò yín ń sọ,
òṣìṣẹ́ olówó oṣù.