Àwòrán Tí Mo Fi Dán Ẹ̀rọ Wò

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Karùn-ún
Dókítà eyín ní kí n kó àwòrán àtijọ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni mo ti bá a pàdé: "Ìdánwò 3". Ẹnu Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ tí Ayípo dé ilé ìwòsàn eyín tí mo ti ń ya àwòrán — orúkọ tí mo sọ ẹ̀rọ tó ń yí orí ènìyàn po, tó ń ya eyín àti egungun níwájú, lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n lò ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Mo yọ́ mú Àǹtí wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Àwòrán mọ́ kedere, orí mi wú. Àǹtí bi mí bóyá kò sí nǹkan. Mo ní eyín yín le bí òkúta.

Mi ò wo egungun. Òní ni mo wò ó. Lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, egungun ti ń jẹ lọ nídìí eyín méjì. Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ náà.

Ìṣẹ́gun, 5
Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Ọjọ́bọ̀, 7
Mo yà sílé Àǹtí. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n fi ń jẹun. Eyín ń mì, erìgì ń ṣẹ̀jẹ̀ — ó ti pẹ́. Onífámásì kan tiẹ̀ ti ní kí wọ́n lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n dá a lóhùn pé àbúrò àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti wo ẹnu àwọn, kò sí nǹkan kan. Wọ́n ń fi mí yangàn. Obìnrin tó fi ìwé tiwọn sílẹ̀ kí n lè ka tèmi. Ojú tì mí débi pé mo ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní kí wọ́n wá rí Dókítà lọ́jọ́ Ajé. Ìyẹn nìkan lẹnu mi gbé.

Àbámẹ́ta, 9
Bí ọ̀gá ilé ìwòsàn bá gbọ́ pé mo ya ènìyàn láìgbàṣẹ, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo fẹ́ pa àwòrán náà rẹ́. Mi ò pa á rẹ́, mi ò sì sọ̀rọ̀. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ajé, 11
Mo ya Àǹtí lẹ́ẹ̀kejì, tàṣẹtàṣẹ. Dókítà ní eyín kan ti kọjá àtúnṣe, yíyọ ni. Èkejì ń kọ ọ́ lóminú: bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni egungun rẹ̀ ń lọ, òun á tọ́jú ìdí rẹ̀, á dúró, bó bá jẹ́ kíákíá ni, kí á yọ òun náà. Ó bi Àǹtí bóyá àwòrán àtijọ́ kankan wà tí òun lè fi wé e.

Àǹtí wò mí. Wọ́n ní, "Rárá, Dókítà. Kò sẹ́ni tó yà á rí."

Bí wọ́n ṣe máa ń purọ́ fún bàbá wa nìyẹn, nígbà tí mo bá fọ́ nǹkan. Dókítà mú bírò, ó fẹ́ kọ ọ́ pé méjèèjì ni kí á yọ.

Mo ní, "Ó wà, mà. Èmi ni mo yà á. Mi ò gbàṣẹ."

Ó gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni egungun eyín kejì ń lọ, á dúró. Ó ní ti àkọ́kọ́ yìí, ká ní a tètè rí i ni, ì bá dúró pẹ̀lú. Lọ́la, aago mẹ́sàn-án, kí n lọ rí ọ̀gá.

Mo sin Àǹtí délé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ní, "Ta ló ní kó o sọ̀rọ̀? Eyín tó kù lẹ́nu mi ṣì pọ̀. Iṣẹ́ mélòó lo ní?"