Koríko Tí O Ní Kí Wọ́n Tẹ́ fún Wa

Ọláìtán ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Èkó? Ṣé ara ìyàwó rẹ le? Omi tó gbé ọ lọ kò ní gbàgbé ọ̀nà tí yóò fi gbé ọ padà, lágbára Olúwa. Àwa náà ń mí. A kò gbọ́ ìró ìbọn mọ́ láti ìgbà tí àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé ìbọn kiri inú odò ti bá àwọn àgbà jókòó parí ìjà, ọkọ̀ sì ti ń lọ sí Ìgbókòdá wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ti kí ọ tán. Inú ń bí mi. Tíṣà Kọ́lájọ tó ń bá mi kọ ìwé yìí ní kí n rọra, mo ní kó máa kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi.

Ọ̀rọ̀ koríko yẹn ni. Ìwọ lo wọ kóòtù wálé nígbà Àjíǹde, tí o sọ fún Baálẹ̀ Olówòkéré pé ilé iṣẹ́ yín yóò tẹ́ koríko tí kì í kú sórí pápá wa, kí àwọn ọmọ náà lè fi bọ́ọ̀lù gbàgbé ìbọn. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí. O sì mọ̀ pé pápá yẹn nìkan ni ilẹ̀ gbígbẹ tí a ní, yanrìn tí bàbá rẹ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọkọ̀ kó dà síbẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń sá edé, ibẹ̀ la ti ń tún àwọ̀n ṣe, ibẹ̀ lo ti kọ́ ìrìn.

Wọ́n tẹ́ ẹ, ó dára lójú. Mo ní àlejò ni koríko yìí, kò mọ omi iyọ̀, ni mo bá ń bu omi òjò inú àgbá mi, omi tí à ń mu, mo fi ń rin ín láràárọ̀ títí àgbá fi gbẹ. Kò ga sí i, kò sì rọ. Ewúrẹ́ mi gbóòórùn rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i. Ó yẹ kí n ti fi ọgbọ́n ewúrẹ́ kún tèmi.

Mo sá edé lé e gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Nígbà tí mo kó o, èérún rọ́bà dúdú ló kún inú rẹ̀, wọ́n ní ike ni koríko náà, ara táyà àlòkù ni wọ́n sì ti gé èérún tí wọ́n dà sí ìdí rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi ní Ìgbókòdá tọ́ ọ wò, wọ́n tutọ́, wọ́n ní ṣé mo lọ táyà mọ́ edé ni. Èmi tí n kò ní kẹ̀kẹ́ rí!

Ìyẹn kò dùn mí tó ti Moríkẹ́, ọmọ rẹ tí o fi sọ́dọ̀ mi. Ó gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án láìwọ bàtà, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló bó. Ó ń wúkọ́ báyìí, bó bá sì fun imú, dúdú ló ń jáde.

Mo lọ pe Roqeebah, nọ́ọ̀sì tí ìjọba gbé wá láti Ìbàdàn. Ó dé pápá, ó yọ ìbọn funfun kékeré kan nínú báàgì, ó nà án sí koríko. O mọ ohun tí ojú wa ti rí lórí omi yìí. A kò béèrè nǹkan kan, gbogbo wa bẹ́ sínú ọkọ̀, Baálẹ̀ ló ṣíwájú. Nọ́ọ̀sì ń pariwo pé ìbọn tí wọ́n fi ń wo bí nǹkan ṣe gbóná sí ni. Mo wa ọkọ̀ padà, mo bi í bóyá ó bà á. Ó ní pápá náà gbóná ju ohun tí ẹsẹ̀ ọmọdé lè gbà lọ. Mo ní kó yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè kú pátápátá.

Ó ní kí ọmọ kankan má tẹ̀ ẹ́ mọ́ lọ́sàn-án, kí a má sì sá oúnjẹ síbẹ̀. Baálẹ̀ kọ̀, ó ní bí a bá kọ ẹ̀bùn yẹn, ìjà inú odò yóò padà. Àwa obìnrin fi àwọ̀n yí pápá náà ká. Ta ló wá bá wa so ó? Sunday, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin oníbọn yẹn, tó ti na ìbọn sí mi gba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi rí! Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè fún Baálẹ̀ wò, àtẹ́lẹsẹ̀ tirẹ̀ náà ti bó. Ó ní yanrìn làwọn fẹ́.

Nítorí náà, fi owó oògùn Moríkẹ́ ránṣẹ́, kí o fi owó àgbá omi kan sí i. Kí o sì sọ fún ilé iṣẹ́ yín kí wọ́n wá ká ẹrù wọn. Mo gé díẹ̀ nínú koríko náà, mo fi í rán awakọ̀ sí ọ pẹ̀lú ìwé yìí. Tẹ́ ẹ síbi tí oòrùn ti ń pa, kí o dúró lé e lọ́sàn-án gangan, kí o tún ìwé yìí kà láti òkè dé ilẹ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀, ire ni yóò máa bá ọ níbẹ̀. Olúwa yóò bù kún ọ. Ṣùgbọ́n bọ́ bàtà ná.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mosúnmọ́lá