Ohun Tó Ń Mú Kọ̀ǹkọ̀ Gbóná

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá, 2025

Kọ̀ǹkọ̀ tún hó. Ìyípo mẹ́ta péré la fi dánra wò lójú ọ̀nà tuntun tí wọn kò tíì ṣí lẹ́bàá Ìgèdè, abẹ́rẹ́ géèjì ooru ti wọ inú pupa. Èmi ni mo jókòó ti Ìyá Níìfẹ́mi. Iṣẹ́ mi kò ju kí n máa wo abẹ́rẹ́ yẹn lọ, mo sì wò ó títí ọrùn fi ń dùn mí. Mo pariwo. Ó ní, "Bàbá Níìfẹ́mi, ẹ jẹ́ n wa ọkọ̀ mi." Kò pẹ́ tí ooru funfun bò wá bí ẹni ṣí ìkòkò ẹ̀wà. Omi gbígbóná ta sí bánà àdúrà tí Ẹgbẹ́ Ìyá ìjọ wa so mọ́ iwájú rẹ̀. Mo fi aṣọ nù ún.

Ìyàwó mi yóò pé àádọ́rin ọdún lóṣù tó ń bọ̀, ó sì ń fi ọkọ̀ pupa aláìlórùlé tí bàbá rẹ̀ rà ní 1967 sáré ìje. (Ó lúgọ sílẹ̀ bí àkèré, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Kọ̀ǹkọ̀.) Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kú mọ́ wa lọ́wọ́ nínú ìje àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́. Ìyàwó mi wá ṣèlérí fún Níìfẹ́mi, ọmọ wa tó wà ní Kánádà: bí òun kò bá parí ìje ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, òun fi ìje sílẹ̀ nìyẹn. Níìfẹ́mi ń gbàdúrà kó má parí. Ó yẹ kí èmi náà máa gbà á. N kò gbà á.

Ọjọ́ Ajé, 3

Ọ̀dọ̀ Dókítà — Ayọ̀rìndé, mẹkáníìkì wa ní Fájuyì. Mo ti tú bánà kúrò kí gíríìsì má kàn án. Ó pààrọ̀ pọ́ǹpù omi, ó fọ rédíétọ̀, ìpẹtà ń ṣàn bí epo pupa. Ó tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ títí a fi jẹ iṣu sísun tán. Abẹ́rẹ́ kò mira. Mo bi í bóyá orí ẹ́ńjìnnì ti sán. Mo bi í bóyá ogbó lásán ni. Ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ hó."

Ọjọ́bọ̀, 6

Ìgèdè. Ó hó.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Dókítà ní ká yọ nǹkan kékeré tó ń ṣí tó ń pa ọ̀nà omi nínú ẹ́ńjìnnì dànù, pé ìlú olótùútù ni wọ́n ṣe é fún. Gbogbo mẹkáníìkì Adó ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó yọ ọ́. Kọ̀ǹkọ̀ tutù níwájú rẹ̀ bí omi àmù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ó hó. Ìyá Níìfẹ́mi wa ọkọ̀ délé. Ó fọ ìbọ̀wọ́ tó fi ń wakọ̀, ó sá a sórí okùn, ó dúró ń wò ó. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Ọjọ́ Àìkú, 9

N kò gbọ́ ìwàásù. Kí ló dé tí kì í hó lọ́dọ̀ Dókítà? Kí ló wà lára rẹ̀ ní Ìgèdè tí kò sí lára rẹ̀ ní Fájuyì? Mo ń wo gèlè Màmá Àtinúkẹ́, olórí Ẹgbẹ́ Ìyá, níwájú mi, ó dí fáànù mọ́ mi — òógùn bò mí. Bánà! ỌLỌ́RUN NI AWAKỌ̀ WA. Ó nípọn, ó bo gbogbo ihò iwájú, èmi fúnra mi ni mo sì ń tú u ká tó dé ọ̀dọ̀ Dókítà. Afẹ́fẹ́ kò rọ́nà dé ìdí rédíétọ̀! Mo ṣe "Àmín" níbi tí kò sí àdúrà. Àwọn èèyàn yíjú.

Ọjọ́ Ajé, 10

A dán an wò. Láìsí bánà: abẹ́rẹ́ dúró láàárín. A so ó: pupa. A tú u: àárín! Ìyá Níìfẹ́mi jó yí ọkọ̀ ká lójú títì. Dókítà ní òun ti fura tipẹ́ — irọ́ ni. Mo ní kó dá nǹkan kékeré tó yọ yẹn padà. Ó ń kùn, ó ṣe é.

Ẹ̀rù tuntun: ta ni yóò sọ fún Màmá Àtinúkẹ́ pé bánà àdúrà wọn ló ń mú ọkọ̀ gbóná?

Ọjọ́rú, 12

Mo dé ẹnu ọ̀nà Màmá Àtinúkẹ́. Mo yà ra àkàrà, mo padà sílé.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo bá a ní Ọjà Ọba níbi tó ti ń wọn gàrí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìmí. Ó wò mí. "Bàbá Níìfẹ́mi, ẹ̀yin lẹ jẹ́ ká fi aṣọ dí ọmọ nímú, ẹ wá ń bi í pé kí ló dé tí kò lè sáré?" Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó gbá àpò gàrí mú. Ó ní ká so ó mọ́ ẹ̀yìn, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí nǹkan kà. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn! Obìnrin yìí nígbàgbọ́ o.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Ó parí! Ìyípo mẹ́wàá gbáko, ipò kẹrin nínú mẹ́jọ!

Ní ìyípo kẹjọ, Ọlágúnjú tó wá láti Ìlọrin fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń ké pé, "Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Dùnmínínú! Tẹ̀ ẹ́!" Èmi ni. N kò tíì fẹnu pe orúkọ ìyàwó mi látìgbà tí a ti bí Níìfẹ́mi. Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́. Fìlà mi fò lọ sínú oko ẹ̀gẹ́.

Bí a ṣe dúró ni Dókítà sáré wá, ó ní ibo ni abẹ́rẹ́ wà láti ìyípo kẹjọ.

N kò tiẹ̀ rántí wo abẹ́rẹ́ mọ́.