Màmá Ardis Tronrud, Ẹni tó Mú Ìbọn Àtijọ́ Bá Ọwọ́ Ọlọ́wọ́ Mu

Ọmọ Kvamme ni Màmá wa, Ardis Petra Tronrud, kí wọ́n tó di ìyàwó ilé Tronrud. A bí wọn ní oṣù kejì ọdún 1938, lásìkò tí òjò dídì bo fèrèsé, ní oko màlúù ìdílé Kvamme létí odò Teton, lẹ́bàá ìlú Choteau ní Montana. Bàbá wọn ni olóògbé Sivert Kvamme, ẹni tí bàbá tirẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Norway. Ìyá wọn ni olóògbé Petra, obìnrin tí kì í jẹ́ kí àlejò lọ láìjẹun. Màmá ni àkọ́bí. Lowell, àbúrò wọn kan ṣoṣo, ló tẹ̀lé wọn.

Bàbá Àgbà Sivert ní ìbọn ìléwọ́ ológun kan tí wọ́n gbé bọ̀ láti ogun àgbáyé kìíní. Wọn kì í gun ẹṣin jáde láìfi í sí ìbàdí, nítorí ejò tí ìrù rẹ̀ ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ pọ̀ nínú koríko, béárì sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè nígbà tí màlúù bá ń bímọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà kí Màmá yìn ín, ẹ̀yìn ìbọn náà gé wọn jẹ láàárín àtàǹpàkò àti ìka, ẹ̀jẹ̀ sì dà. Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Má bínú, Ardis. Ó ń bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń bọ èèyàn lọ́wọ́ nìyẹn, Bàbá?"

Màmá parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Choteau lọ́dún 1956, wọ́n sì lọ sí Great Falls láti kọ́ṣẹ́ eyín àtọwọ́dá lọ́dọ̀ dókítà eyín kan. Iṣẹ́ náà wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n á fi ayùn tín-ín-rín rẹ́ eyín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jókòó sórí erìgì bí ẹni pé ibẹ̀ ló hù sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni pé, "Ẹnu ò gbọdọ̀ máa wá eyín kiri. Eyín ló yẹ kó wá ẹnu."

Eyín náà ló sọ wọ́n dìyàwó. Lọ́dún 1960, Merle Tronrud, bàbá wa, dé síbi iṣẹ́ wọn pẹ̀lú ètè wíwú, nítorí màlúù ti ta eyín iwájú wọn dànù. Bí Màmá ṣe fọwọ́ kan erìgì wọn ni wọ́n ké pé, "Ẹ fọ́ra o! Ẹ fọ́ra!" "Ẹ ṣọ́ra" ni wọ́n fẹ́ wí, àìsí eyín ni kò jẹ́ kó já gaara.

"Mo ti wẹ̀ láàárọ̀," ni Màmá dáhùn.

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì débi pé dókítà wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọdún kejì ni wọ́n ṣègbéyàwó nínú ìjọ Lútérì ní Choteau. Dádì máa ń sọ pé nínú gbogbo ọkùnrin Montana, àwọn nìkan ni ìyàwó mọ ẹnu wọn tán kó tó fẹ́ wọn.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1967 ni Bàbá Àgbà dùbúlẹ̀ àìsàn tí wọn kò ti dìde mọ́. Wọ́n ti fi ilé àti ilẹ̀ etí odò lé àbúrò Màmá, Bàbá Lowell, lọ́wọ́. Lójú gbogbo ẹbí, Bàbá Àgbà ní kí wọ́n gbé ìbọn ológun náà wá, wọ́n sì gbé e lé Màmá lọ́wọ́. "Ìwọ lò ń bá mi gun ẹṣin," ni wọ́n wí. Bàbá Lowell tẹrí ba. Fìlà ọwọ́ wọn ni wọ́n ń wò.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, Màmá àti Dádì ti padà wá ń sin màlúù lórí ilẹ̀ òkè, ní òdìkejì ọgbà Bàbá Lowell. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá ń tún wáyà ọgbà ṣe nígbà tí wọ́n gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà wọn. Wọ́n fa ìbọn yọ. Èkù rẹ̀ sanra ju ọwọ́ wọn lọ, agbára káká ni ìka wọn fi dé ibi tí wọ́n máa fà, àmì orí rẹ̀ tí a fi ń fojú sun ohun tí a fẹ́ yìn sì tín-ín-rín bí irun. Wọ́n yìn ín, ọta lọ sínú iyẹ̀pẹ̀, ìbọn tún gé wọn jẹ. Ọlọ́run ló ní kí ejò bá ọ̀nà tiẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n kó ọta inú ìbọn náà kúrò, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n sì gbé àpò irinṣẹ́ eyín wọn kalẹ̀.

"Merle, mo fẹ́ ṣe eyín fún ìbọn Bàbá."

"Ṣé kò tíì ní eyín ni? Ṣebí òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ẹ jẹ."

Igi ápù gbígbẹ ni Màmá fá pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ṣe èkù tuntun. Wọ́n rẹ́ gbogbo etí irin tó mú kúrò. Ọ̀rẹ́ Dádì kan tó ń jó irin bá wọn fi ìrù kékeré sí ẹ̀yìn ìbọn náà, kí òòlù ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń lu ọta má baà gé ọwọ́ jẹ mọ́. Wọ́n fẹ àmì ẹ̀yìn, wọ́n sì lẹ èérún eyín àtọwọ́dá funfun kan mọ́ ti iwájú kí ojú lè tètè rí i. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn òkè, agolo ẹ̀wà tí wọ́n tò sórí igi bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ́kọ̀ọ̀kan. Dádì ní igbe ayọ̀ Màmá ló lé màlúù sá, kì í ṣe ìró ìbọn.

Ṣùgbọ́n Bàbá Lowell wá mu kọfí lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n sì rí i.

"Kí lẹ ṣe sí i?"

"Mo jẹ́ kó bá ọwọ́ mi mu ni."

"Ìbọn tó ti ogun bọ̀! Ẹ wá bó o bí ẹni bó ọ̀dùnkún! Ẹ ti bà á jẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Lowell, kí n máa lò ó ni Bàbá ṣe fún mi. Wọn ò ní kí n máa nu eruku ara ẹ̀."

Bàbá Lowell fi kọfí sílẹ̀ láìmu, wọ́n sì jáde. Géètì kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé méjèèjì, ṣùgbọ́n koríko hù bò ó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, orí ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Gbogbo ọdún Kérésìmesì ni Màmá ń gbé àwo kan lé iye tó yẹ lórí tábìlì. Tí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní àlejò lè yà.

Òkìkí èkù igi ápù náà kàn. Ọlọ́pàá tó ń lo ọwọ́ òsì gbé tirẹ̀ wá, opó tí làkúrègbé ń dà láàmú gbé ti ọkọ rẹ̀ wá. Lọ́dún 1974 ni Màmá gbàṣẹ ìjọba, wọ́n sì sọ yàrá ẹ̀yìn di ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á ní kí oníbàárà fún ohun rírọ̀ bí amọ̀, èyí tí wọ́n fi ń wọn erìgì, mọ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á sì gbẹ́ èkù tẹ̀lé e. Ìbọn tó bá ṣọ̀wọ́n, tí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé lè fẹ́, wọn kò jẹ́ fayùn kàn án. "Gbé e padà sínú dígí ẹ̀," ni wọ́n ń wí. "Èyí tó ń bá ẹ lọ sóko ni kó o gbé wá."

Lọ́dún 1989, rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá Lowell, ọwọ́ ọ̀tún wọn sì rọ. Àwọn ọmọ wọn ní kí wọ́n ta màlúù, kí wọ́n kó wá sígboro. Ta ni yóò máa dá nìkan rìn káàkiri pẹ̀lú béárì láìlè di ìbọn mú? Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ kan dúró síwájú ilé wa, kò wọlé, kò lọ. Dádì yọjú.

"Ardis, ẹnì kan tó jọ àbúrò ẹ wà níta. Ó ti darúgbó díẹ̀ sí i."

Màmá jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Bàbá Lowell sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́."

"Èyí tó kù ńkọ́?"

"Òpè ni."

"Gbé òpè náà wọlé ká wò ó."

Màmá fi amọ̀ náà sí ọwọ́ òsì wọn. "Fún un dáadáa. Fún un bíi pé ọrùn mi ni." Bàbá Lowell bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Wọ́n ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayùn ló dun àwọn láti ọjọ́ yìí, pé ohun tí Bàbá gbé sí ìbàdí ló wu àwọn.

"Ṣebí ilẹ̀ ni wọ́n fún ẹ, Lowell."

"Mo mọ̀. Ilẹ̀ ò ṣeé dì mọ́ra ni."

Màmá dìde. Wọ́n gbé ìbọn Bàbá Àgbà kúrò nínú àpótí, wọ́n tú ọta rẹ̀ dànù, wọ́n sì gbé e lé àbúrò wọn lórí itan, ó wà níbẹ̀ títí wọ́n fi gbẹ́ èkù tuntun fún ìbọn tiwọn. Kí oṣù tó parí, Bàbá Lowell ti ń fi ọwọ́ òsì wó agolo. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣì fi sin màlúù, Dádì sì gé koríko ìdí géètì.

Nínú ìjọ, Màmá kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí eyín pásítọ̀ já láàárín ìwàásù, wọ́n tún un ṣe kí orin tó tán. Wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò ní ìlò ìbọn láìséwu. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá sáré débi tí kò yẹ, ilé ló ń lọ lọ́jọ́ náà. Dádì wa lọ sinmi lọ́dún 2009.

Àwọn tí Màmá fi sílẹ̀ ni àbúrò wọn, Lowell Kvamme. Àwọn ọmọ, Karsten, Janelle àti Britt. Àwọn ọmọ-ọmọ, Torvald, Maren, Colby àti Signe. Àti àwọn àtọmọdọ́mọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Bàbá Lowell yà mu kọfí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n sì bá Màmá lórí àga, tí wọ́n ti sùn lọ jẹ́ẹ́, oòrùn lójú wọn. Wọn kò tíì pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n se kọfí ife méjì, wọ́n gbé ọ̀kan síwájú ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n jókòó mu tiwọn tán, kí wọ́n tó gbé fóònù pè wá.

Ẹ sinmi ire, Màmá Ardis. Kí ilẹ̀ ó fúyẹ́ lára yín, kí ìmọ́lẹ̀ Olúwa ó má wọ̀ lójú yín láé.